Ìfagilé Kì í Ṣe Ìparẹ́: Àríwísí lórí Ọ̀rọ̀ tí a ń Lò fún Mímú Lẹ́tà Kúrò nínú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di ti gbogbo ènìyàn ní àkókò yìí, láti ọ̀dọ̀ ọmọ ilé-ìwé títí dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ọ̀rọ̀ náà ni parẹ́. Bí ènìyàn bá fẹ́ mú lẹ́tà kúrò nínú kọ̀ǹpútà, yóò ní òun fẹ́ pa á rẹ́. Bí àwòrán ni, bákan náà. Bí orúkọ ni, bákan náà. A kò bá ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ àtàtà ni, ó sì ti pẹ́ nínú èdè wa. Ẹjọ́ tí a ní ni pé ẹrù méjì ni a gbé lé e lórí, tí kò sì lè rù wọ́n papọ̀. Kò sí ibi tí èyí ti hàn gbangba tó inú àwọn ètò tí a fi ń ka lẹ́tà ímeèlì láìsí àwòrán kankan lójú wọn, àwọn tí ó jẹ́ pé kìkì ọ̀rọ̀ ni a ń rí nínú wọn, tí a sì ń fi bọ́tìnnì ábídí pàṣẹ fún wọn.

A mọ̀ pé àwọn òǹkàwé wa kan yóò béèrè ohun tí ó pa àkọtọ́ pọ̀ mọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn wa kò gùn. Ẹni tí ó ń kọ ìwé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ní èdè Yorùbá, ẹni tí yóò tẹ ìwé náà, àti ẹni tí yóò fi ṣe ìdánwò, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò fi orúkọ pe iṣẹ́ tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ méjì tí orúkọ sì jẹ́ ẹyọ kan, ẹni tí ó kọ́ ọ yóò pàdánù lẹ́tà tí kò fẹ́ pàdánù, tàbí kí ó fi lẹ́tà tí ó yẹ kí ó parun sílẹ̀ ní gbangba, ní ìgbàgbọ́ pé ó ti parun. Ìkejì yìí ni ó burú jù fún àwọn tí ń ṣètò ìdánwò.

Ẹ jẹ́ kí a mú ètò kan kí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní Yunifásítì Washington, ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, ni a ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí à ń pè ní Pine ní ọdún 1989. Nígbà tí ó di ọdún 2006, yunifásítì náà kéde pé Alpine ni yóò rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì gbé Alpine àkọ́kọ́ jáde ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá ṣí àpótí lẹ́tà rẹ̀ nínú ètò yìí yóò rí ìlà kan fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ tí ó dé, orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, ìwọ̀n rẹ̀, àti àkọlé rẹ̀. Bí ó bá tẹ bọ́tìnnì D, D yóò hàn ní iwájú ìlà náà, atọ́ka yóò sì sún sí lẹ́tà tí ó kàn. Kò sí ohun mìíràn tí yóò ṣẹlẹ̀. Lẹ́tà náà kò lọ síbì kankan. A lè ṣí i, a lè kà á, a lè fèsì sí i. Bí a bá tẹ U, D náà yóò kúrò, yóò sì dà bí ẹni pé a kò fọwọ́ kàn án rí. Ìgbà tí a bá tẹ X, tí a sì dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ìbéèrè tí ètò náà yóò bi wá, tàbí ìgbà tí a bá ń jáde tí a sì gbà fún un, ìgbà náà gan-an ni gbogbo lẹ́tà tí ó ní D yóò jáde kúrò nínú àpótí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn èyí, U kò rí nǹkan kan ṣe mọ́.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe àṣà Pine nìkan. Ó wà nínú IMAP, èyíinì ni ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa lẹ́tà, èyí tí Mark Crispin gbé kalẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní ọdún 1986. Nínú ìlànà náà, “Deleted” jẹ́ àmì tí a ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà. “EXPUNGE” jẹ́ àṣẹ tí a ń pa láti kó gbogbo lẹ́tà tí ó ní àmì náà kúrò. Èkíní ń sọ ipò tí lẹ́tà wà, èkejì ń sọ ohun tí a ṣe. Ìlànà kejì tí à ń pè ní POP3, gẹ́gẹ́ bí a ti tò ó ní 1996, rí bákan náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Àṣẹ “DELE” kàn ń fi àmì sí lẹ́tà ni. Ó di ìgbà tí a bá fi “QUIT” dágbére kí sáfà tó mú un kúrò. Bí okùn bá já kí a tó dágbére, ìlànà náà kọ̀ ọ́ fún sáfà láti mú ẹyọ lẹ́tà kan kúrò. Ní ilẹ̀ tí iná mànàmáná kò ti ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ̀kọ́ pàtàkì ni èyí: ẹni tí ó ti tẹ bọ́tìnnì, tí iná sì lọ, kò tíì pa ohunkóhun rẹ́.

Wàyí o, báwo ni Yorùbá ṣe ń pe ohun méjèèjì yìí? Parẹ́ ni a ń gbọ́ fún èkíní, parẹ́ náà ni a sì ń gbọ́ fún èkejì. Bí olùkọ́ bá rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ ti dàrú, a fi ọ̀rọ̀ kún un: èkíní ni “parẹ́”, èkejì ni “parẹ́ pátápátá”. Ojútùú yìí kò tẹ́ wa lọ́rùn rárá. Parẹ́ kò ní ìwọ̀n nínú èdè wa. Ohun tí ó parẹ́ ti parẹ́. Kò sí èyí tí ó parẹ́ díẹ̀ tàbí tí ó parẹ́ ní ààbọ̀. Bí a bá wá fi pátápátá ṣe ìyàtọ̀ láàrin iṣẹ́ méjì, a ti gbà láìsọ pé parẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ìparẹ́, a sì ti kọ́ ọmọ láti má ṣe gba ọ̀rọ̀ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe wà.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a nílò ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Fagi lé ni. Olùkọ́ tí ó fi gègé pupa fa igi lé gbólóhùn kan nínú ìwé ọmọ kò pa gbólóhùn náà rẹ́. Ọmọ ṣì lè kà á, òbí rẹ̀ lè kà á, olùkọ́ mìíràn sì lè wò ó kí ó sọ pé kò yẹ kí a fagi lé e. Ìyàwó oníṣòwò a fagi lé orúkọ ajigbèsè tí ó ti san owó, síbẹ̀ orúkọ náà wà nínú ìwé títí ìwé yóò fi gbó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó nu ohun tí ó wà lójú pátákó ti pa á rẹ́, kò sí bí a ti lè kà á mọ́. Nínú ọ̀rọ̀ ìlú pẹ̀lú, ìyàtọ̀ náà yè. Ní oṣù Okúdù ọdún 1993, ìjọba ológun fagi lé ìdìbò yan ààrẹ tí a dì ní ọjọ́ 12 oṣù náà. Iye ìbò kò parẹ́. Ó wà nínú àkọsílẹ̀, àwọn ènìyàn ń kà á fún ara wọn, ìjọba mìíràn sì kéde ní 2018 pé ọjọ́ náà ni yóò máa jẹ́ Ọjọ́ Ìjọba Àwa-ara-wa. Ẹni tí ó bá fi parẹ́ rọ́pò fagi lé nínú ìtàn yẹn yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ti ṣi ọ̀rọ̀ lò.

Nítorí náà, àbá wa ni pé kí a máa pe iṣẹ́ D ní fífagi lé lẹ́tà, kí a sì fi pípa rẹ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ X nìkan. A ti gbọ́ àtakò kan, pé fagi lé ti di ti ìpàdé àti àdéhùn, àti pé ìpàdé tí a bá fagi lé kì í padà mọ́. Àtakò náà kò lágbára lójú wa. Ìpàdé tí a fagi lé ṣì wà nínú ìwé ètò, igi sì wà lára rẹ̀; bí ó bá wu alága, ó lè ní kí a tún un pè.

Ohun kan wà nínú Alpine tí ó fi ẹ̀rí àbá yìí hàn ju gbogbo àlàyé lọ. Bí a bá tẹ S láti tọ́jú lẹ́tà sínú àpótí mìíràn, ètò náà yóò ṣe ẹ̀dà lẹ́tà náà síbẹ̀, yóò sì fi D síwájú èyí tí ó kù nínú àpótí àkọ́kọ́. Ẹ fojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti kọ́ pé D túmọ̀ sí parẹ́. Ó ní kí ètò tọ́jú lẹ́tà ìyá òun, ó sì rí i pé ètò náà kọ parẹ́ sí i! Bí a bá ti sọ fún un pé ìfagilé ni D, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀: iṣẹ́ ti parí lórí lẹ́tà yìí níbí, a ti fagi lé e bí a ti ń fagi lé orúkọ ẹni tí ó san gbèsè.

A tún gbọdọ̀ kìlọ̀ fún àwọn tí ń kọ ìwé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n má ṣe fi ábídí bọ́tìnnì dípò ọ̀rọ̀. Wọ́n a máa kọ “tẹ X” bí ẹni pé X ní ìtumọ̀ kan náà níbi gbogbo. Kurt Shoens ni ó kọ ètò Mail fún Unix ti Berkeley ní 1978. Nínú ètò yẹn, àti nínú mailx tí ó jogún rẹ̀, d ni a fi ń fagi lé lẹ́tà. Bí a bá tẹ q láti jáde, àwọn lẹ́tà tí a ti fagi lé yóò bá a lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ x, a óò jáde láìjẹ́ pé nǹkan kan yí padà: igi gbogbo tí a fà ti di asán, lẹ́tà gbogbo wà bí a ti bá wọn. Mutt, tí Michael Elkins bẹ̀rẹ̀ ní 1995, di ìtumọ̀ yìí mú. X níbẹ̀ jẹ́ jíjáde láìfọwọ́ kan ohunkóhun, àmì owó dọ́là sì ni a fi ń pa àwọn tí a ti fagi lé rẹ́ láìjáde. Nínú Pine àti Alpine, x kan náà ni àṣẹ ìparẹ́. Ẹni tí ó kọ́ Mutt tí ó sì lọ sí Alpine, tí ó tẹ x láti gba ara rẹ̀ là, ẹnu ọ̀nà ìparẹ́ ni ó kàn. Kìkì ìbéèrè tí Alpine yóò bi í ni ó wà láàrin òun àti àdánù. Nítorí èyí, ìbéèrè ìdánwò tí ó kàn sọ pé “Kí ni iṣẹ́ bọ́tìnnì X?” láìdárúkọ ètò kò ní ìdáhùn, kò sì yẹ kí a gba máàkì kankan lọ́wọ́ ọmọ nítorí rẹ̀.

A dé ọ̀rọ̀ àkọtọ́ gan-an. Lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ bọ́tìnnì tí a ti yí sí Yorùbá, a ń rí “Parẹ́” gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ kan, àwọn tí ń kọ ìwé sì ti ń kọ “parẹ́ lẹ́tà náà”. Èyí kì í ṣe Yorùbá. Parẹ́, bí a bá kọ ọ́ pọ̀, kò ní àbọ̀: lẹ́tà náà parẹ́, owó náà parẹ́, ọkùnrin náà parẹ́. Bí ẹnì kan bá jẹ́ okùnfà rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà là sí méjì, ohun tí a ṣe é sí a sì wà láàrin: ó pa lẹ́tà náà rẹ́, ó pa á rẹ́. Bọ́tìnnì tí a kọ “Parẹ́” sí lára kò sọ ohun tí a fẹ́ kí ó sọ. Ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ ni ó ń pàṣẹ fún pé kí ó pòórá! “Pa á rẹ́” ni kí a kọ. Bákan náà, fagi lé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan. Fà, igi àti lé ni ó parapọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wà lára fà sì ti di ohùn àárín nítorí ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, “fagi lé e” ni a ń kọ, tí a bá sì sọ ọ́ di orúkọ, ìfagilé, a kọ ọ́ pọ̀. Ìparẹ́ náà sì rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ń tẹ̀wé máa ń ní àyè kò tó lórí bọ́tìnnì, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń já ọ̀rọ̀ kúrú. Àyè tí “á” fẹ́ kò tó nǹkan.

Àmì ohùn pẹ̀lú lè di ohun tí yóò gba lẹ́tà lọ́wọ́ ìparẹ́, èyí sì jẹ́ ohun tí a kò rí kí àwọn ènìyàn sọ tó bí ó ti yẹ. Alpine fún wa láǹfààní láti yan ọ̀pọ̀ lẹ́tà lẹ́ẹ̀kan náà nípa ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú àkọlé wọn, kí a sì fagi lé gbogbo wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo ti tirẹ̀ nínú Unicode. Nọ́ńbà kan wà fún ẹ, U+1EB9, òmíràn sì wà fún àmì ohùn òkè, U+0301. A ń tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn ni. Òǹkọ̀wé mìíràn a bẹ̀rẹ̀ láti é, kí ó tó fi àmì ìsàlẹ̀, U+0323, kún un. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n. Nínú fáìlì, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bí ètò tí ó ń wá ọ̀rọ̀ kò bá mọ̀ pé ọ̀kan ni wọ́n, ẹni tí ó yan gbogbo lẹ́tà tí àkọlé wọn jẹ́ “Ẹ̀kọ́” yóò rí díẹ̀, yóò sì fi díẹ̀ sílẹ̀, kò sì ní mọ̀. Ẹni tí kò fi àmì sí i rárá ńkọ́? Lẹ́tà tirẹ̀ pẹ̀lú yóò bọ́. Ìdí mìíràn nìyí tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ilé-iṣẹ́ kan ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ yóò máa fi tẹ àmì.

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ “pátápátá” wò. Ẹni tí ó ń ṣètò ìdánwò fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ nípa ímeèlì. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí, wọ́n fẹ́ kí lẹ́tà náà má sí mọ́. Ó fagi lé e, ó sì pa á rẹ́. Ibo ni ó ti pa á rẹ́? Nínú àpótí tí ó ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀ ni. Ní ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Unix, gbogbo lẹ́tà inú àpótí kan wà nínú fáìlì kan ṣoṣo, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn bí orí ìwé. Ìparẹ́ níbẹ̀ jẹ́ pé ètò náà da fáìlì kọ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì fo èyí tí a ti fagi lé. Ibi tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ wà lórí dísìkì di àyè òfìfo lórúkọ, ṣùgbọ́n a kò tíì nù ún. Ohun tí ó wà níbẹ̀ lè wà títí nǹkan mìíràn yóò fi gba orí rẹ̀. Ẹ̀dà ìpamọ́ tí àwọn alábòójútó sáfà ń ṣe kò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ṣe nínú Alpine. Ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ ẹni tí a kọ ọ́ sí. Ẹ̀dà mìíràn sì wà nítòsí ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé: Pine àti Alpine ń fi ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà tí a bá fi ránṣẹ́ sínú àpótí tí à ń pè ní sent-mail, bí oṣù tuntun bá sì wọlé, wọn a béèrè bóyá a fẹ́ kí àwọn ti oṣù tí ó kọjá lọ sínú àpótí tí a fi orúkọ oṣù náà pè. Ẹni tí ó ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni lóṣooṣù láìronú ti ń to ìwé ìbéèrè ìdánwò ọdún mélòó kan sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ̀.

Lọ́dọ̀ Gmail, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀. Bí a bá ti inú ètò bí Alpine pa lẹ́tà rẹ́ níbẹ̀, ohun tí ìlànà àkáǹtì náà bá sọ ni yóò ṣẹlẹ̀: ó lè gba orúkọ àpótí kúrò lára lẹ́tà nìkan, kí lẹ́tà náà sì wà nínú ìpamọ́, ó lè gbé e lọ sí ààtàn, níbi tí yóò wà fún ọjọ́ 30, ó sì lè pa á rẹ́ lóòótọ́. Ààtàn yìí jẹ́ iṣẹ́ kẹta, kì í ṣe ìfagilé, kì í sì í ṣe ìparẹ́. Dídà nù ni orúkọ rẹ̀, ohun tí a bá sì dà nù, ẹlòmíràn lè lọ ṣà á.

Lójú gbogbo èyí, a kò rí ìwúlò pátápátá nínú ìwé ẹ̀kọ́. Ó ń ṣe ìlérí tí bọ́tìnnì kankan kò lè mú ṣẹ. Ibi tí ìparẹ́ ti ṣẹlẹ̀ ni ó yẹ kí òǹkọ̀wé sọ: pa á rẹ́ nínú àpótí, pa á rẹ́ nínú sent-mail, pa á rẹ́ lórí sáfà. Bí olùdáhùn nínú ìdánwò bá kọ pé X pa lẹ́tà rẹ́ nínú àpótí tí a ṣí, kí a fún un ní máàkì rẹ̀ pé. Bí ó bá kọ pé X pa lẹ́tà rẹ́ pátápátá, kí a dín in kù, kódà bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ó kà nínú ìwé ni ó kọ.

Nǹkan kékeré kan ṣẹ́ kù nípa nọ́ńbà. Bí a bá pa lẹ́tà karùn-ún rẹ́, èyí tí ó jẹ́ ẹkẹfà di ìkarùn-ún lójú ẹsẹ̀. Ìbéèrè tí ó ní kí ọmọ pa ìkarùn-ún rẹ́, lẹ́yìn náà kí ó fèsì sí ìkẹjọ, gbọdọ̀ sọ ìkẹjọ èwo ni. Bí ó bá jẹ́ pé ìfagilé nìkan ni ó ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà kò ní sún.

Ní ti U, a kò tíì fohùn ṣọ̀kan láàrin ara wa. Àwọn kan fẹ́ “dá a padà”, ṣùgbọ́n lẹ́tà náà kò kúrò níbi tí ó wà débi pé a óò dá a padà. Àwọn mìíràn fẹ́ “jí i”, èyí tí ó ju ọ̀rọ̀ náà lọ, nítorí kò kú. Níwọ̀n bí D ti fa igi lé e, “yọ igi kúrò” ni ọ̀pọ̀ nínú wa tẹ̀ sí, a ó sì fẹ́ kí àwọn olùkọ́ tí ó bá lò ó ní kíláàsì kọ̀wé sí wa nípa bí àwọn ọmọ ti gbà á.